Sọ́fúwíà wo ló yẹ ilé shortlet yín? Ìfiwéra ìwé orúkọ lásán, PMS àti CRM

Ẹni tó bá ń wá sọ́fúwíà tí yóò fi tọ́jú orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó ń gba ilé rẹ̀ fún ìsinmi, ohun tó máa kọ́kọ́ da ọkàn rẹ̀ rú ni pé ìpolówó gbogbo wọn jọra. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀. HubSpot ní òun ń tọ́jú oníbàárà, Guesty ní òun ń tọ́jú àlejò, Google Contacts ní òun ń tọ́jú orúkọ. Èèyàn á wá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á máa fi owó oṣooṣù wọn wéra, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ìwé orúkọ lásán ni Google Contacts. PMS ni Guesty, ìyẹn sọ́fúwíà tó ń bójú tó ilé àti kàlẹ́ńdà rẹ̀. CRM ni HubSpot, ìyẹn sọ́fúwíà tó ń tọ́jú àjọṣe ilé iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Èrò tèmi rèé, kí ẹ lè mọ ibi tí mo dúró sí látìbẹ̀rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀ṣọ́ fún kàlẹ́ńdà kí ẹ tó wá ẹ̀ṣọ́ fún orúkọ èèyàn. Bí àlejò méjì bá gbẹ́rù dé ẹnu ọ̀nà ilé kan lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kò sí ìwé orúkọ tó máa gbà yín. Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ èèyàn, àwọn onílé àti àwọn òṣìṣẹ́ ni sọ́fúwíà wọ̀nyí wúlò fún jù, kì í ṣe àlejò tí ìpolówó ń pariwo. Àlejò á sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, á lọ. Plọ́ńbà yín á wà pẹ̀lú yín fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn wo gan-an lẹ fẹ́ tọ́jú orúkọ wọn?

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbogbo ẹni tẹ́ ẹ pè tàbí tó pè yín nítorí ilé náà láàárín oṣù kan. Àlejò á wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ máa rí ẹni tó ń nu ilé, ẹni tó ń fọ aṣọ ibùsùn, ẹni tó wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, aládùúgbò tó wá fẹjọ́ ariwo sùn, onílé tó ń béèrè owó oṣù tó kọjá, àti àwọn kan tó béèrè iye ilé, tí wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀, tí ẹ ò sì gbúròó wọn mọ́.

Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ nípa kálukú wọn kò dọ́gba. Ti àlejò kò ju ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tó lọ, iye èèyàn tó bá a wá, ibi tó ti rí ilé náà, àti ohun kékeré tó bẹ̀ yín fún: ibùsùn ọmọdé, tàbí yàrá ìsàlẹ̀ nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Ti onílé pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìgbà tí àdéhùn máa parí, ìdá mélòó nínú owó ló jẹ́ kọ́míṣọ̀n yín, iye tẹ́ ẹ lè ná lórí àtúnṣe láìkọ́kọ́ pè é, ọ̀sẹ̀ tí òun àti ẹbí rẹ̀ máa ń lo ilé fúnra wọn. Ti òṣìṣẹ́ ni ilé tó mọ̀, ọjọ́ tí kì í wá, àti ẹni tó lè dípò rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò bá yá. Mo ti rí ilé iṣẹ́ tó kó orúkọ àlejò rẹpẹtẹ sínú sọ́fúwíà olówó ńlá, tó jẹ́ pé nọ́ńbà ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ti omi ilé pa wà nínú fóònù ẹnì kan ṣoṣo, ẹni náà sì ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ń fi sọ́fúwíà kan wé èkejì, ẹ má kàn béèrè bóyá ó ń tọ́jú orúkọ. Ẹ béèrè pé orúkọ ta ni.

Ìwé orúkọ lásán: Google Contacts, Google Sheets, WhatsApp Business

Fún ẹni tó ní ilé kan tàbí méjì, tó sì jẹ́ pé ìkànnì kan ṣoṣo ló ti ń polówó wọn, kò sí ohun ìtìjú nínú èyí. Google Contacts gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń wọ inú fóònù fúnra rẹ̀. Ẹ lè fi lébẹ́ẹ̀lì sára orúkọ kọ̀ọ̀kan: àlejò, onílé, iná, omi. Àyè àkọsílẹ̀ tó wà lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí pé àlejò báyìí mú ajá wá láìsọ fún yín.

WhatsApp Business, tó jáde lọ́dún 2018, ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ CRM láìgba kọ́bọ̀. Ó ní lébẹ́ẹ̀lì 20 tẹ́ ẹ lè fi ya àwọn tó ń bá yín sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, ó sì gbà kẹ́ ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ de ìbéèrè tó ń wá lójoojúmọ́, kó má di pé ẹ ń tẹ bí wọ́n ṣe ń débẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Níbi tó ti máa ń já àwọn èèyàn kulẹ̀ ni broadcast, ìyẹn fífi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àkójọ kan kò gba ju ẹni 256 lọ, ìyẹn kò burú. Èyí tó burú ni pé ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ kò ní rí ohun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Àlejò mélòó ló ń fi nọ́ńbà ilé tó sùn sí lẹ́ẹ̀kan pamọ́? Ẹ̀yin á máa rò pé wọ́n rí i tí wọn ò dáhùn.

Google Sheets àti Excel ń fún yín lómìnira, òmìnira náà ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹnì kan á to òpó orúkọ láti A dé Z láìmú òpó nọ́ńbà mọ́ ọn, gbogbo àlejò á wá di ẹlòmíràn.

Nọ́ńbà fóònù ló yẹ kẹ́ ẹ wò dáadáa níbí, torí ohun tó bá bàjẹ́ nínú ìwé yìí ló máa tẹ̀ lé yín wọ sọ́fúwíà èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá padà rà. Ká ní àlejò kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún yín ní 07700900123. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Excel bẹ́ẹ̀, Excel á gbà pé iye kan ni, á gé òdo iwájú dànù. Ẹ tún un tẹ̀ ní 447700900123, ó lè yọ sí yín bíi 4.477E+11. Nígbà tẹ́ ẹ bá kó ìwé náà wọ inú CRM, ẹni kan náà á di èèyàn méjì tàbí mẹ́ta, ó sì lè máà sí ọ̀kan tó ṣeé pè nínú wọn. Ẹ yí òpó náà sí Text kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa fi àmì + àti nọ́ńbà orílẹ̀-èdè ṣíwájú: +447700900123. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní E.164 nìyẹn. Dígíìtì nọ́ńbà kan kò gbọ́dọ̀ ju 15 lọ, kò sí àlàfo, kò sí àkámọ́. Orúkọ tó ní àmì lórí náà ń fẹ́ ìṣọ́ra: bí Excel bá ṣí fáìlì CSV (irú èyí tí sọ́fúwíà fi ń kó àkójọ wọlé tàbí jáde) tí kò sì mọ̀ pé UTF-8, ìlànà tó ń gbé lẹ́tà olámì, ni wọ́n fi kọ ọ́, José á di JosÃ©, Ṣọlá á sì di ohun tí n kò mọ bí mo ṣe máa pè é.

Àléébù ìwé orúkọ lásán tó tóbi jù ni pé kì í rán èèyàn létí. Àdéhùn onílé á parí, ìwé náà á wà níbẹ̀ láìfọhùn.

PMS: àwọn sọ́fúwíà tó mọ̀ pé ilé ni ilé

Guesty, Hostaway, Lodgify, àti Hospitable tó ń jẹ́ Smartbnb tẹ́lẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní PMS. Àwọn wọ̀nyí mọ ohun tó ń jẹ́ òru kan. Wọ́n mọ̀ pé bí àlejò bá lọ láàárọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ nu ilé kí òmíràn tó dé. Bẹ́ ẹ bá ń polówó lórí Airbnb, Vrbo àti Booking.com lẹ́ẹ̀kan náà, PMS ló máa ń ti ọjọ́ kan pa lórí méjì yòókù bí ẹnì kan bá ti gbà á lórí ọ̀kan.

Ọ̀nà tó ń gbà ti ọjọ́ náà pa ló yẹ kẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni API, tó jẹ́ pé sọ́fúwíà méjèèjì ń bára wọn sọ̀rọ̀ tààrà, ìròyìn sì ń dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èkejì ni iCal, ìlànà kàlẹ́ńdà tó ti wà láti 1998. Fáìlì lásán ni iCal: ìkànnì kan á gbé e sílẹ̀, èkejì á máa wá kà á nígbà tó bá wù ú, ó sì lè tó wákàtí mélòó kan kó tó tún wá. Láàárín wákàtí yẹn ni àlejò kejì máa ń wọlé. Yàtọ̀ síyẹn, ọjọ́ ni iCal ń gbé, kì í gbé nọ́ńbà fóònù àlejò tàbí iye tó san. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun so Airbnb mọ́ sọ́fúwíà òun, ẹ bi í pé kí ló fi so ó.

Ohun kejì tí mo fẹ́ràn lára PMS ni àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ tí àlejò kọ lórí Airbnb, èyí tó wá láti Booking.com, àti ímeèlì ẹni tó gba ilé tààrà lọ́wọ́ yín, gbogbo rẹ̀ á wà lójú kan. Ẹ lè ṣètò kí nọ́ńbà ìṣílẹ̀kùn lọ sọ́dọ̀ àlejò láàárọ̀ ọjọ́ tó máa dé, kí iṣẹ́ ìmọ́tótó sì lọ sórí fóònù ẹni tó ń nu ilé bí ọjọ́ ìlọ àlejò bá ti yí padà. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ṣe èyí rí fún ilé márùn-ún á mọ ohun tí mò ń wí.

Tó bá wá di ti orúkọ èèyàn, ìgbà tí àlejò wá ni ìpìlẹ̀ àkọsílẹ̀ inú PMS, kì í ṣe àlejò gan-an. Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan láti Airbnb, tó tún padà gba Booking.com wá, sábà máa ń di èèyàn méjì níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ PMS ní ojú ìwé tí onílé lè wọ̀ láti wo owó rẹ̀ àti ọjọ́ tí ilé rẹ̀ kún, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n onílé tó ṣì ń ronú bóyá kó gbé ilé rẹ̀ fún yín tàbí kó má gbé e, PMS kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

CRM: àwọn tó mọ èèyàn, tí wọn ò mọ òru

Salesforce bẹ̀rẹ̀ ní 1999, Zoho CRM dé ní 2005, wọ́n dá ilé iṣẹ́ HubSpot sílẹ̀ ní 2006, ti Pipedrive ní 2010. Àwọn tó ń tajà ni wọ́n ṣe gbogbo wọn fún, kì í ṣe àwọn tó ń gbàlejò. Ohun tó jẹ wọ́n lógún ni ìrìn tí èèyàn ń rìn láti ìgbà tó béèrè ọjà títí di ìgbà tó sanwó. Wọ́n ń pe ìrìn náà ní pipeline, wọ́n ń pe ìdúnàádúrà kọ̀ọ̀kan ní deal.

Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ wà nínú iṣẹ́ ilé àyágbé, àmọ́ kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò. Ẹni tó gba ilé lórí Airbnb kò rin ìrìn kankan: ó tẹ bọ́tìnnì, ó parí. Ìrìn gidi wà lọ́dọ̀ onílé tẹ́ ẹ fẹ́ kó fa ilé rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Ẹ pàdé rẹ̀, ẹ lọ wo ilé náà, ẹ ṣírò iye tó lè máa wọlé, ẹ fi àdéhùn ránṣẹ́, ó ní kí òun bi ìyàwó òun, oṣù méjì kọjá. CRM á rán yín létí láti pè é. Ìrìn tún wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gba ilé fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, àti lọ́dọ̀ ìdílé tó fẹ́ gba ilé mẹ́rin pọ̀ fún àpèjẹ. Irú owó wọ̀nyí máa ń tóbi, wọ́n sì máa ń bọ́ sọ́nù torí pé ẹnì kan kò pe ẹnì kan padà.

Ibì kan wà tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú CRM máa ń ṣì í. Á fi "ọjọ́ tó dé" àti "ọjọ́ tó lọ" sára orúkọ àlejò gan-an. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa, títí àlejò náà fi padà wá. Lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ tuntun á bo ti tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tó ti wá lẹ́ẹ̀mẹta á wá dà bí àjèjì. Ara deal ni ọjọ́ yẹ kó wà: orúkọ kan, deal kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá wá, kí orúkọ ilé tó sùn sí wà lára deal náà. Ohun tí kì í sábà yí padà nìkan ló yẹ ara orúkọ: èdè tó ń sọ, ohun tí ara rẹ̀ kọ̀, bóyá ó gbà kẹ́ ẹ máa kọ̀wé sí i tàbí kò gbà. Bẹ́ ẹ bá tò ó báyìí, ẹ lè bi CRM léèrè ohun tí ìwé orúkọ kò lè dáhùn ní kíá, bíi àwọn tó sùn sí ilé etí omi lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn ò sì tíì wá lọ́dún yìí.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Salesforce ti ju ohun tí ẹni tó ní ilé mẹ́wàá nílò lọ. Ó lágbára, àmọ́ ẹ máa nílò ẹni tó máa bá yín tò ó, owó ẹni náà sì lè ju owó sọ́fúwíà lọ. Pipedrive ló rọrùn jù láti lóye lójú àkọ́kọ́, torí pé pipeline ló kún ojú rẹ̀. Kò ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́, ọjọ́ 14 ló fi ń jẹ́ kẹ́ ẹ dán an wò. Zoho CRM ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ fún òṣìṣẹ́ mẹ́ta. HubSpot náà ní ti ọ̀fẹ́, ó sì dùn ún lò, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí àwọn ẹ̀dà òkè rẹ̀ ń gbà, torí ibẹ̀ ni àkàbà náà ti ga.

Airtable kì í ṣe CRM, síbẹ̀ mo máa ń dárúkọ rẹ̀ fún àwọn tó wà láàárín méjì. Ẹ lè ṣe tábìlì mẹ́ta níbẹ̀, ọ̀kan fún èèyàn, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ìgbà tí wọ́n wá, kẹ́ ẹ sì so wọ́n mọ́ra. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ kì í gba ju àkọsílẹ̀ 1,000 lọ nínú base kan (àkójọ àwọn tábìlì tẹ́ ẹ so pọ̀), iye yẹn sì tètè ń kún ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ bó bá jẹ́ pé gbogbo òru lẹ ń kọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ | Ìwé orúkọ lásán | PMS | CRM |
|---|---|---|---|
| Ṣé ó ń dènà àlejò méjì lálẹ́ kan? | Rárá, ojú yín ló máa ṣọ́ ọ | Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ API | Rárá |
| Kí ni wọ́n ń ka owó lé lórí? | Ọ̀fẹ́, tàbí owó táṣẹ́rẹ́ | Iye ilé, tàbí ìdá nínú owó tó wọlé | Iye òṣìṣẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ |
| Àlejò tó padà wá ńkọ́? | Bẹ́ ẹ bá rántí wá orúkọ rẹ̀ | Nígbà mìíràn | Ó mọ̀ ọ́n, bẹ́ ẹ bá tò ó dáadáa |
| Onílé tí kò tíì fọwọ́ sí àdéhùn | Inú orí yín ló wà | Kò sí àyè fún un | Ibi tó dára jù nìyí |
| Iṣẹ́ ẹni tó ń nu ilé | Ẹ̀yin lẹ máa pè é | Ó ń pín in fúnra rẹ̀ | Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó ń tánni ní sùúrù |
| Bí òṣìṣẹ́ bá fiṣẹ́ sílẹ̀ | Ó lè kó nọ́ńbà lọ | Ẹ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ó tán | Ẹ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ó tán |

Ọ̀rọ̀ owó ní ìlà kejì ló ń yí ìpinnu po jù. Ẹni méjì tó ń bójú tó ọgbọ̀n ilé máa rí i pé CRM kò wọ́n, torí orí méjì ni wọ́n ń kà, nígbà tí PMS á máa ka ọgbọ̀n. Ilé mẹ́ta tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ á rí òdìkejì. Ìdí nìyí tí n kì í gba ìmọ̀ràn ẹni tó bá kàn sọ pé sọ́fúwíà kan wọ́n tàbí kò wọ́n, tí kò sọ iye ilé tó ní àti iye ẹni tó ń lò ó. PMS tó ń gba ìdá nínú owó tó wọlé dára fún ẹni tí ilé rẹ̀ ń ṣófo lásìkò òjò tàbí òtútù, torí pé bí owó kò bá wọlé, owó sọ́fúwíà náà á rọlẹ̀. Lásìkò tí ilé bá kún, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára.

Ímeèlì oníbòjú

Kẹ́ ẹ tó ra CRM nítorí àlejò, ẹ lọ wo ímeèlì tí àwọn ìkànnì ń fún yín. Èyí tẹ́ ẹ máa rí lórí Booking.com parí sí @guest.booking.com. Kì í ṣe ímeèlì àlejò nìyẹn, ìbòjú ni. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀ á gba ọwọ́ Booking.com kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó bá sì pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí àlejò ti lọ, ọ̀nà náà á dí. Airbnb náà kì í gbé ímeèlì gidi lé yín lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ rí nọ́ńbà fóònù kí àlejò tó gba ilé, ó sì kà á léèwọ̀ pé kẹ́ ẹ máa darí àlejò tó tọwọ́ rẹ̀ wá lọ sanwó níbòmíràn.

Ohun tí èyí ń sọ fún ẹni tó fẹ́ yàn ni pé kí ẹ ṣírò ibi tí àlejò yín ti ń wá. Bó bá jẹ́ pé ìkànnì ńláńlá ló ń mú ọ̀pọ̀ jù lọ wá, CRM tẹ́ ẹ bá rà á kún fún ímeèlì oníbòjú, lẹ́yìn ọdún kan, àkójọ òkú ni. Ẹ fi owó yẹn ra PMS tó dára. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ní wẹ́bsáìtì tiyín, tí àwọn èèyàn ń pè yín tààrà, tí àwọn kan ń padà wá lọ́dọọdún, CRM á tètè pa owó tirẹ̀ padà, torí pé àlejò tó gba ilé tààrà lọ́wọ́ yín kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fún ìkànnì kankan ní kọ́míṣọ̀n.

WhatsApp tún ní òfin tirẹ̀ bẹ́ ẹ bá so ó mọ́ PMS tàbí CRM. Láàárín wákàtí 24 tí àlejò kọ̀wé sí yín gbẹ̀yìn, ẹ lè fèsì bó ṣe wù yín. Tí wákàtí yẹn bá kọjá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí ṣáájú nìkan lẹ lè fi ránṣẹ́. Olùtajà sọ́fúwíà kì í sábà sọ èyí nígbà tó bá ń fi ẹwà ọjà rẹ̀ hàn yín.

Ohun tí òfin kò fẹ́ kó wà nínú rẹ̀

Bẹ́ ẹ bá wà ní Yúróòpù, tàbí tẹ́ ẹ ń ta ìsinmi fún àwọn tó wà níbẹ̀, GDPR, òfin Yúróòpù lórí ìpamọ́ ìròyìn nípa èèyàn, lè mú yín. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 2018. Àlejò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, oṣù kan sì ni òfin fún yín láti dáhùn. Ó tún lè ní kẹ́ ẹ pa orúkọ òun rẹ́, àyàfi ohun tí òfin mìíràn, bíi ti owó orí, bá ní kẹ́ ẹ tọ́jú. Ìtanràn tó wúwo jù lọ lè dé mílíọ̀nù 20 owó yúrò, tàbí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tí iṣẹ́ yín pa kárí ayé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Lójú ọ̀rọ̀ yìí, ìwé Excel ló burú jù, torí kò sẹ́ni tó mọ iye ẹ̀dà rẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn.

Ẹ má sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan kọ nọ́ńbà káàdì àlejò sínú àyè àkọsílẹ̀, àgàgà dígíìtì mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì. Ìlànà PCI DSS tí àwọn ilé iṣẹ́ káàdì ń lò kò fàyè gbà á pé kí ẹnikẹ́ni tọ́jú dígíìtì wọ̀nyẹn lẹ́yìn tí owó bá ti kọjá. Fọ́tò páásípọ́ọ̀tù náà ńkọ́? Bí òfin ibi tẹ́ ẹ wà kò bá ní kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ wò ó, ẹ dá a padà.

Bẹ́ ẹ bá ń dán an wò

Ẹ má dán an wò pẹ̀lú àlejò àpẹẹrẹ tó bá sọ́fúwíà náà wá. Ẹ kó díẹ̀ nínú orúkọ tiyín gan-an sínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tí kò dọ́gba àti orúkọ tó ní àmì, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣe sí wọn. Ẹ wá ẹni kan tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti pa àkọsílẹ̀ méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ìtàn méjèèjì ṣì wà. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde. Mo fi èyí ṣáájú gbogbo ìdánwò yòókù: sọ́fúwíà tó bá gba orúkọ wọlé tí kì í jẹ́ kó jáde ní CSV pẹ̀lú àkọsílẹ̀ àti ọjọ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ ni orúkọ yẹn mọ́.

Ẹ tún ṣí i lórí fóònù ẹni tó ń nu ilé, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà yín. Ṣé ó rí nọ́ńbà fóònù gbogbo onílé? Kò yẹ kó rí i. Ṣé ó rí iṣẹ́ òní láàárín ìṣẹ́jú kan? Bí kò bá rí i, á padà sórí WhatsApp, ẹ̀yin á sì máa sanwó fún ohun tí kò sẹ́ni tó ń lò.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Ilé kan tàbí méjì, ìkànnì kan: Google Contacts àti WhatsApp Business ti tó, kẹ́ ẹ ṣáà fi ọjọ́ tí àdéhùn máa parí sínú kàlẹ́ńdà fóònù yín kó lè dún. Bí ìkànnì bá ti di méjì, ẹ wá PMS, kódà kó jẹ́ ilé méjì péré lẹ ní.

Bẹ́ ẹ bá ń bójú tó ilé àwọn ẹlòmíràn, tẹ́ ẹ sì ń wá onílé tuntun, PMS fún ilé àti CRM kékeré fún onílé ni mo máa sọ pé kẹ́ ẹ mú. Zoho tàbí Pipedrive ti tó. Ẹ má da àlejò pọ̀ mọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kí PMS àti CRM máa bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ìròyìn máa rìn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, láti PMS lọ sí CRM. Bí méjèèjì bá lè yí nọ́ńbà èèyàn padà, èyí tó ti gbó á máa bo èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe mọ́lẹ̀.

Ẹni tó ní ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún tiẹ̀, tí ìdajì àlejò rẹ̀ sì jẹ́ àwọn tó ń padà wá, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòro jù fún mi. Àwọn PMS kan ti ní ojú ìwé àlejò tó fẹ́ dà bíi CRM, ẹ wò ó bóyá ó lè fi orúkọ kan so ìgbà púpọ̀ pọ̀, kó sì rántí ẹni tó gbà kẹ́ ẹ máa kọ̀wé sí òun. Bó bá ṣe é, ẹ ò nílò CRM. Bí kò bá ṣe é, ẹ fi Airtable kún un.

Tẹ́ ẹ bá ti yan, àwọn òṣìṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó wọlé, wọn ò pọ̀, àìsí wọn ló sì ń tètè dunni. Àwọn onílé ló tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ọjọ́ àdéhùn wọn. Lẹ́yìn náà ni àlejò ọdún tó kọjá. Àlejò tó ti ju ọdún mẹ́ta lọ tó wá gbẹ̀yìn, tó sì jẹ́ pé ímeèlì oníbòjú nìkan lẹ ní nípa rẹ̀, ẹ má ṣe wàhálà kíkó o rárá.